Eré Tí Òǹkà Ń Gbé Rìn: Bí Mo Ṣe Ń Ṣe Eré Ìṣirò fún Àwọn Ọmọ Kékeré

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọjá lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní òwúrọ̀ yóò ti gbọ́ bí àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta ṣe máa ń ka òǹkà pọ̀ ní ohùn kan, tí ariwo wọn á sì máa ròkè sí i bí wọ́n bá ti ń súnmọ́ ogún. Inú òbí máa ń dùn sí èyí, ó sì tọ́ kí inú rẹ̀ dùn. Síbẹ̀, bí a bá da ìdérí ìgò sílẹ̀ níwájú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yìí, tí a sì wí fún un pé kí ó fún wa ní mẹ́rin péré, ó ṣeé ṣe kí ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún wa, kí ó sì tẹjú mọ́ wa láti mọ̀ bóyá ó ti tó. Ọmọ náà ti mọ orin òǹkà, ó ku kí ó mọ iye. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe eré ìṣirò fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, àárín ohun méjèèjì yìí ni iṣẹ́ mi wà.

Àwọn onímọ̀ ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Ní ọdún 1978, Rochel Gelman àti C. R. Gallistel ní Amẹ́ríkà to àwọn ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ dì mú kí a tó lè sọ pé ó mọ nǹkan kà: kí ó fún nǹkan kọ̀ọ̀kan ní orúkọ òǹkà kan ṣoṣo, kí ó má fo ọ̀kan, kí ó má sì ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kí àwọn orúkọ náà máa tẹ̀lé ara wọn bákan náà nígbà gbogbo, kí ó mọ̀ pé orúkọ tí òun pè kẹ́yìn ni iye gbogbo ohun tí òun kà, kí ó mọ̀ pé ohunkóhun ni a lè kà, ìbáà jẹ́ àgbàdo, ìbáà jẹ́ àtẹ́wọ́, kí ó sì mọ̀ pé ibi yòówù tí òun bá ti bẹ̀rẹ̀, iye náà kò ní yí padà. Karen Wynn, tí ó ṣe ìwádìí tirẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1990, fi hàn pé ọmọ kì í mọ àwọn iye lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀kan jẹ́, oṣù mélòó kan yóò kọjá kí ó tó mọ ohun tí méjì jẹ́, àkókò mìíràn yóò tún kọjá kí mẹ́ta tó yé e, lẹ́yìn náà ni ọ̀nà yóò ṣí, tí yóò rí i pé ọgbọ́n kan náà ni a fi ń mọ gbogbo ìyókù. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe eré fún ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé eré tí ó ń béèrè mẹ́jọ lọ́wọ́ ọmọ tí méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ yé yóò kàn sọ ọ́ di ẹni tí ń méfò ni.

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi ara mi nígbà tí eré tuntun bá wà lórí tábìlì mi: bí mo bá yọ òǹkà kúrò nínú rẹ̀, ṣé eré náà ṣì lè máa lọ? Bí ó bá lè máa lọ, a jẹ́ pé ńṣe ni mo kàn lẹ òǹkà mọ́ ọn lára. Ọ̀pọ̀ eré orí fóònù tí àwọn òbí ń fi dá ọmọ lẹ́kun ni ó rí báyìí. Nọ́ńbà márùn-ún á fara hàn, ọmọ á tẹ èyí tí ó bá wù ú, bí kò bá jẹ́ òun, á tẹ òmíràn, títí tí bàlúùnù á fi bẹ́ tí orin á sì dún. Ohun tí ọmọ náà kọ́ ni pé bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́, orin á dún. Ẹ wá fi èyí wé iṣẹ́ kékeré tí ìyá máa ń rán ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ pé, “Lọ kó ṣíbí wá, kí ó kárí gbogbo wa.” Bí ọmọ bá kó mẹ́ta wá fún ènìyàn márùn-ún, kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti sọ fún un pé kò pé, nítorí àwọn méjì wà níbẹ̀ tí ọwọ́ wọn ṣófo, tí wọ́n ń wò ó. Iye ni ó gbé iṣẹ́ náà rìn, àṣìṣe sì fi ara rẹ̀ hàn láìsí pé a bá ọmọ wí. Ohun méjì yìí ni mo ń wá nínú gbogbo eré tí mo bá ṣe, èyí tí kò bá sì ní wọn, bí ó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ lẹ́wà tó, mo máa ń pa á tì.

Ìwádìí tí ó ràn mí lọ́wọ́ jù ni èyí tí Geetha Ramani àti Robert Siegler ti Yunifásítì Carnegie Mellon ní ìlú Pittsburgh gbé jáde ní ọdún 2008. Eré wọn kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀: ilé mẹ́wàá lórí ìlà gbọọrọ kan, tí a kọ 1 sí 10 sínú wọn láti òsì sí ọ̀tún, àti ọ̀pá kékeré kan tí a ń fi ìka yí, tí kì í dúró lórí ohun mìíràn ju 1 tàbí 2 lọ. Ọmọ tí ó wà lórí 3, tí ó sì yí 2, gbọ́dọ̀ máa pe “mẹ́rin, márùn-ún” bí ó ṣe ń gbé ọmọ ayò rẹ̀ lọ, kò gbọdọ̀ pe “ọ̀kan, méjì.” Àwọn ọmọ tí wọ́n bá ṣe é wà nínú ètò Head Start, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń ran àwọn ìdílé tí owó tí ń wọlé fún wọn kéré lọ́wọ́. Wọ́n ta á ní ìgbà mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìṣẹ́jú 15 sí 20 nígbà kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àwọn ọmọ mìíràn ta irú rẹ̀ tí ó jẹ́ pé àwọ̀ ni ó wà nínú ilé rẹ̀ dípò nọ́ńbà. Àwọn tí ó ta ti nọ́ńbà tẹ̀síwájú nínú kíkà, nínú dídá nọ́ńbà mọ̀, nínú mímọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú iye méjì, àti nínú fífi iye sí àyè rẹ̀ lórí ìlà. Nígbà tí a padà wò wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n kọ́ ṣì wà lára wọn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi ìlà gbọọrọ wé pátákó tí ó yí bírípo, tí wọ́n sì rí i pé ti gbọọrọ ni ó ṣe ọmọ láǹfààní jù. Ní ọdún 2014, Elida Laski àti Siegler tún fi hàn pé kíkà láti ibi tí ọmọ dúró sí ń kọ́ ọmọ ju kí ó máa padà bẹ̀rẹ̀ láti oókan lọ ní gbogbo ìgbà tí ó bá kan án.

Ó ya àwọn olùkọ́ kan lẹ́nu nígbà tí mo sọ fún wọn pé ohun tí ó kéré báyìí lè ṣe tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, ìdí rẹ̀ kò farasin. Ọmọ tí ó dé orí 8 ti rìn jìnnà ju ẹni tí ó wà lórí 4 lọ, ó ti gbé ọmọ ayò rẹ̀ ju ti ẹnì kejì lọ, ẹnu rẹ̀ ti pe orúkọ púpọ̀ jù, ó sì ti pẹ́ jù lórí pátákó. Ọwọ́, ojú, ẹnu àti àkókò ń sọ ohun kan náà fún un. Lúdò, tí ó wà ní ọ̀pọ̀ ilé wa, kò ní àǹfààní yìí fún ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin: ó ń yí po, kò sí nọ́ńbà nínú ilé rẹ̀, dáìsì rẹ̀ sì ń dé mẹ́fà, nítorí náà oókan dé ẹẹ́fà ni ọmọ á máa tún kà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Mo fẹ́ràn lúdò fún àwọn tí ó ti dàgbà díẹ̀, kì í ṣe òun ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀.

Pátákó tèmi ní ogún ilé, páálí gígùn ni mo fi ń ṣe é. Láti 1 dé 10, àwọ̀ kan ni. Láti 11 dé 14, àwọ̀ kejì. Láti 15 dé 19, àwọ̀ kẹta. Ogún fúnra rẹ̀ sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí agboolé tí gbogbo wọn ń lọ. Òǹkà Yorùbá ni ó pín in bẹ́ẹ̀. Láti oókànlá dé ẹẹ́rìnlá, iye tí a fi lé ẹẹ́wàá ni a ń pè. Bí a bá ti dé ẹ̀ẹ́dógún, a kọjú síwájú, iye tí ó kù kí ó pé ogún ni a ń pè. Ọmọ tí ó dúró lórí ilé kẹrìndínlógún rí ilé mẹ́rin níwájú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń pe mẹ́rin náà. Bí ó bá sún sí èyí tí ó tẹ̀lé e, mẹ́ta ni ó rí, mẹ́ta ni ó sì pè. Àyọkúrò tí àwọn ọmọ mìíràn yóò dúró dè títí wọn yóò fi wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ó ní orúkọ.

Àwọn òbí kan a máa sọ fún mi pé òǹkà Yorùbá le jù fún ọmọdé, àti pé ti Gẹ̀ẹ́sì rọrùn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó le ni kí ọmọ máa gbọ́ “ẹẹ́tàdínlógún” lásán láìrí ogún níwájú rẹ̀, bí ẹni tí a ní kí ó ka ilé tí ó kù sí ilé ìyá rẹ̀ lójú ọ̀nà tí kò rìn rí. Mo gbà pé àwọn ọmọ Pittsburgh kò kọjá mẹ́wàá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kà, nítorí náà ogún ilé àti àwọ̀ mẹ́ta yìí jẹ́ èrò tèmi, láti inú ohun tí mo ń rí lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí mo ń bá ṣeré. Ṣùgbọ́n pé èdè wa lè gbé ìṣirò kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, títí kan ìṣirò, fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí mo ní fún ilé tí a ti ń sọ èdè méjèèjì ni pé kí a fi èdè kan ta eré kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, kí a parí rẹ̀ ní Yorùbá. Bí ó bá di ọ̀la, kí a fi Gẹ̀ẹ́sì ta òmíràn.

Dáìsì ni ohun tí mo ń ṣọ́ jù lẹ́yìn pátákó. Igi onígun tí ó ní ojú mẹ́fà ni mo ń lò, ṣùgbọ́n mo máa ń fi àmì roboto kan sí ojú méjì, méjì sí ojú méjì, mẹ́ta sí ojú méjì, kò sì sí èyí tí ó ju mẹ́ta lọ. Ojú ènìyàn, àní ojú ọmọ kékeré pàápàá, máa ń dá ọ̀kan, méjì àti mẹ́ta mọ̀ ní wíwò kan láìkà wọ́n, nítorí náà ọmọ kò ní fi gbogbo agbára rẹ̀ ka dáìsì tán kí ó tó kan pátákó. Ìṣísẹ̀ kékeré tún máa ń jẹ́ kí ó pe òǹkà púpọ̀ kí eré tó parí. Àwọn oníṣòwò eré ọmọdé máa ń kọ nọ́ńbà sára dáìsì nítorí wọ́n rò pé ìyẹn ni ìṣirò. Àmì roboto ni mo fẹ́ràn ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí iye wà níbẹ̀ tí ọmọ lè fi ìka kàn.

Ayò ọlọ́pọ́n kò ṣeé fò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan: kò sí ohun tí òǹkà ń gbé rìn tó o. Bí a ṣe ń fúnrúgbìn rẹ̀, ọ̀kan sí ilé kan, láìfo ilé, láìfi méjì sí ojú kan, ni ohun àkọ́kọ́ tí Gelman àti Gallistel sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin kò lè gbèrò bí yóò ṣe jẹ, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè di ọmọ ayò púpọ̀ mú. Nítorí náà mo máa ń gé páálí ẹyin. Páálí ẹyin 30 ní ìlà márùn-ún, ihò mẹ́fà mẹ́fà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìlà méjì nínú rẹ̀ jẹ́ ọpọ́n ayò gan-an. Mo ń gé ìlà méjì tí ó ní ihò mẹ́ta mẹ́ta fún àwọn tí ó kéré jù, a ó fi ọmọ méjì méjì sínú ihò kọ̀ọ̀kan, a ó sì máa fúnrúgbìn lásán, láìsí jíjẹ. Ẹni tí ọmọ ayò tí ó fi sílẹ̀ kẹ́yìn bá bọ́ sí ihò tí ó ṣófo ni yóò pàtẹ́wọ́. Ó tó fún wọn. Nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó ṣáájú, tí ó ń fi ìka tọ́ ihò kí ó tó bu ọmọ ayò, a lè fi ihò kún un.

Láti inú páálí kan náà ni mo ti ń gé ìlà méjì tí ó ní ihò márùn-ún márùn-ún. Ihò mẹ́wàá ni ó jẹ́, a sì ń pe eré rẹ̀ ní “Ó ku mélòó?” Ọmọ kan á da dáìsì, á fi ìdérí ìgò tó iye náà sínú ihò, gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ á sì dáhùn iye ihò tí ó ṣófo. Kò sí ẹni tí ó ń borí ẹnì kejì nínú rẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń kún páálí kan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta tí ó bá pàdánù máa ń sunkún, ẹni tí ó ń sunkún kò sì ní rántí pé ihò mẹ́fà ni ó kù. Ìjà àti ìbínú lè dúró di ìgbà tí wọ́n bá tó lúdò ta.

Ọjà ni mo ti kọ́ èyí tí ó dùn mọ́ mi jù. Ọ̀pọ̀ ìyá tí ó ń ta ọsàn tàbí tòmáàtì máa ń to wọ́n ní márùn-ún márùn-ún, mẹ́rin nísàlẹ̀, ọ̀kan lórí. Ọmọ tí ó jókòó tì í rí márùn-ún gẹ́gẹ́ bí mẹ́rin àti ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá mú ti orí lọ, mẹ́rin ni ó kù, bí a bá dá a padà, ó tún pé. Adolphus Mann, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó kọ̀wé nípa òǹkà wa ní ọdún 1887, so bí a ṣe ń yọ iye kúrò nínú ogún pọ̀ mọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń ka owó ẹyọ ní márùn-ún márùn-ún. Mo ti sọ ọ́ di eré: òkìtì mẹ́rin ni ogún, bí òkìtì kan bá sì dín, ẹ̀ẹ́dógún ni. Olùtajà á to òkìtì, oníbàárà á pa ojú rẹ̀ dé, olùtajà á mú ọsàn kan, méjì tàbí mẹ́ta pamọ́ sẹ́yìn, oníbàárà á la ojú, á sì sọ iye tí ó dín. Òkúta roboto tàbí bébà tí a rún pọ̀ lè dípò ọsàn. Ohun tí kò ṣeé dípò ni títò náà, nítorí bí a bá da ogún ọsàn sílẹ̀ lásán, ojú ọmọ kò ní rí ohun tí ó lè dì mú.

Bí eré bá ti dára tó, ẹnu àgbà tí ó wà níbẹ̀ ni ó ń sọ ọ́ di ẹ̀kọ́. Kò yẹ kí ó máa bi ọmọ ní ìdánwò. Ó sàn kí ó máa sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe sókè pé, “Orí méje ni mo wà, mo da méjì, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án,” kí ó sì máa béèrè èyí tí ó nílò láti mọ̀ ní tòótọ́: “Ta ni ó súnmọ́ ogún jù nínú wa?” Bí ọmọ bá ṣì í kà, kí a bá a kà á lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ìka lórí ilé, kí eré sì máa lọ. Ìyá àgbà tí kò ka ìwé lè ṣe èyí dáadáa, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ràn kí òfin eré mọ níwọ̀n tí a lè fi ẹnu sọ, láìsí bébà ìlànà kankan.

Àwọn olùkọ́ tí ọmọ kún iyàrá wọn fọ́fọ́ máa ń bi mí pé báwo ni àwọn yóò ṣe rí pátákó tí ó tó. Kí wọ́n lọ sí ìta ni. Sùwé tí a fi ẹfun yà sórí ilẹ̀ lè di pátákó ogún ilé, àwọn ọmọ fúnra wọn sì di ọmọ ayò. Ẹgbẹ́ kan á máa fò, ẹgbẹ́ kejì á máa pe nọ́ńbà, a ó sì máa pààrọ̀ wọn. Ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò lè ṣàì sọ: ẹ̀wà, àgbàdo àti ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ kò yẹ lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, nítorí ó lè fi sí imú tàbí kí ó há a lọ́nà ọ̀fun. Ohun tí ó tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ ni kí a fún un.

Nígbà tí ọmọ bá ti mọ pátákó ogún ilé dunjú, òfin kan ṣoṣo ni mo ń kọ́kọ́ fi kún un: kò ní wọ agboolé àfi bí ó bá da iye tí ó kù gan-an. Ẹni tí ó wà lórí ilé kejìdínlógún yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pe méjì kí dáìsì tó balẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń fi ojú kan tí kò ní àmì sí ara dáìsì, kí òdo náà lè jẹ́ iye tí ènìyàn dà, tí ó sì dúró sí ojú kan nítorí rẹ̀. Rírìn padà láti ogún sí oókan ni mo fi ń kẹ́yìn, àwọn tí ó ti pé ọdún márùn-ún ni mo sì ń fi í sílẹ̀ fún, nítorí kíkà sẹ́yìn máa ń rẹ àwọn tí ó kéré, ó sì dára kí eré parí nígbà tí wọ́n ṣì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a tún un ta.